Kíka Káàdì Nìkan Ò Tó: Èwo Lára Àwọn Ọ̀nà Yòókù Ló Yẹ Kí Ará Òṣogbo Mú Lọ Sídìí Blackjack?

Àbúrò kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá Ọláìyá wá bá mi nílé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka káàdì nídìí blackjack, ìyẹn ayò káàdì tí ìwọ àti díílà tó ń pín káàdì ti ń du ẹni tó máa sún mọ́ 21 jù láìkọjá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti yá. Bí o bá gbé odindi páàkì kan fún un, kò ní lò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú kó tó kà á tán. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo ti lè kà á o. Wọ́n ní àwọn ọ̀nà míì wà tó jù báyìí lọ. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

Ìṣirò ni mo fi ń jẹun, mo sì ti jókòó sídìí tábìlì blackjack ní Èkó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo jẹ, mo sì pàdánù. Ìbéèrè tó bi mí yìí ni èmi náà ń gbé kiri nígbà náà, tí mi ò rí ẹni dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ọ̀nà náà síbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fún òun àti fún ẹni tó bá wà nírú ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí kíka káàdì gbé wa dé, torí ibẹ̀ la ó ti máa wọn àwọn yòókù. Ẹni tó bá ń ta ayò, á tètè yé e. Àwọn bàbá tó ń ta ayò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kì í fọwọ́ kan odù kí wọ́n tó mọ iye ọmọ ayò tó wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní mẹ́rin ni wọ́n ti ń kà á bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì. Bí 2 títí dé 6 bá jáde, fi 1 kún un. 7, 8 àti 9, fi wọ́n sílẹ̀. 10, J, Q, K àti éèsì, yọ 1. Bí iye náà bá ga, a jẹ́ pé káàdì ńlá ló pọ̀ nínú èyí tó kù nínú àpótí tí díílà ti ń fa káàdì. Díílà, tó di dandan fún láti máa fa káàdì títí yóò fi dé 17, á máa kọjá 21 lemọ́lemọ́, ìwọ náà á sì máa rí blackjack gan-an gbà, ìyẹn éèsì pẹ̀lú káàdì 10 nínú méjì àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn lo máa gbé owó sókè. Ọdún 1956 ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò bó ṣe yẹ kí èèyàn ta ọwọ́ kọ̀ọ̀kan jáde, ìyẹn láìka káàdì rárá. Ní 1962, Edward Thorp, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì, wá kọ ìwé tó fi hàn pé ẹni tó bá ń kà á lè borí ilé, ìyẹn kasínò.

Lórí tábìlì tí òfin rẹ̀ dára, ẹni tó ta gbogbo ọwọ́ bó ṣe yẹ, tí kò ka káàdì, ṣì máa fi bíi 0.5 nínú 100 sílẹ̀ fún ilé. Ẹni tó bá kà á dáadáa, tó sì ń gbé owó sókè sódò bó ti yẹ, lè yí i padà kó di bíi 1 nínú 100 fún ara rẹ̀.

Ó dà bí owó ńlá lójú ẹni tí kò tíì ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ₦5,000 lò ń ta lọ́wọ́ kan, ní ìpíndọ́gba. 1 nínú 100 rẹ̀, ₦50 ni. Bí wọ́n bá pín ọwọ́ 80 fún ọ ní wákàtí kan, ₦4,000 ni. Ká wá ní owó ọkọ̀ láti Òṣogbo dé Èkó, àti padà, pẹ̀lú ibi tí wàá sùn àti oúnjẹ, jẹ́ ₦60,000. Wákàtí 15 lo máa fi jókòó kí o tó rí owó ọkọ̀ rẹ. Ẹni tó ń gbé ní Èkó ò ní ẹrù yìí lórí. Àwa ni a ní i. Èyí sì ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo ọ̀nà tó kù: ṣé ó lè gbé owó ọkọ̀?

Ohun kejì ni ìjì. Nínú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, owó rẹ máa ń lọ sókè sódò ní bíi 1.15 ìlọ́po iye tí o ta. Bí o bá ta ọwọ́ 100 ní ₦1,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrè tí ìṣirò ń retí jẹ́ ₦1,000, ṣùgbọ́n ìjì náà tó ₦11,500 sí òkè tàbí sísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀gá nínú kíka káàdì pàápàá máa ń pàdánù ní ọjọ́ tó sún mọ́ ìdajì gbogbo ọjọ́ tó bá jókòó. Ó gbà tó ọwọ́ 13,000 kí èrè 1 nínú 100 tó lè dọ́gba pẹ̀lú ìjì ara rẹ̀. Mo ní kí àbúrò yẹn kọ 13,000 yìí sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì kọ ọ́.

| Ọ̀nà | Ohun tó lè mú wá | Ohun tó nílò | Èrò mi fún ará Òṣogbo |
|---|---|---|---|
| Ṣíṣa tábìlì àti àdéhùn | Ó tó bíi 1.5 nínú 100 nígbà míì | Ojú tó ń ka òfin | Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ |
| Yíyí ìpinnu padà nítorí iye tí o kà | Kékeré, àmọ́ kì í tán | Ìdánrawò nílé | Mú un |
| Ẹgbẹ́ tó da owó pọ̀ | Owó títa tó tóbi, ìjì tó rọlẹ̀ | Èèyàn tó ṣe é finú tán | Mú un bí o bá rí wọn |
| Títọpa éèsì nínú káàdì tí wọ́n pò | Bíi 50 nínú 100 lórí ọwọ́ kan ṣoṣo | Díílà tó ń fọwọ́ po káàdì | Fi í sílẹ̀ ná |
| Rírí káàdì tó dojú dé | Ó lè tó 13 nínú 100 | Díílà aláìfarabalẹ̀ | Má torí ẹ̀ wọkọ̀ |
| Dídá káàdì mọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ | Ó pọ̀ gan-an | Kí ilé ṣe ohun tí o ní kí wọ́n ṣe | Má ṣe é |

Tábìlì tí o jókòó sí

Ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ nìyí, òun sì ni mo fi ṣáájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo jókòó sí tábìlì kan torí pé àga ṣófo níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára aṣọ tábìlì náà pé blackjack ń san 6 sí 5. Mo rí i, ṣùgbọ́n mi ò rò ó. Lórí ₦10,000, 3 sí 2 máa fún ọ ní ₦15,000 bí o bá gba blackjack. 6 sí 5 máa fún ọ ní ₦12,000. Ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi ọwọ́ 21 ni blackjack ń wá, nítorí náà ₦3,000 yẹn, bí o bá pín in ká, jẹ́ bíi ₦143 lórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. 1.4 nínú 100 nìyẹn! Gbogbo ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ́ nípa kíka káàdì, aṣọ tábìlì ti gbà á lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó pín káàdì àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn 3 sí 2, wo bóyá díílà ń dúró bí ó bá ní 17 tí éèsì wà nínú rẹ̀. Bó bá tún ń fà, bíi 0.2 nínú 100 ló gbà lọ́wọ́ rẹ. Béèrè bóyá o lè dọ́bù, ìyẹn kí o sọ owó tí o ta di ìlọ́po méjì, lẹ́yìn tí o bá ti pín ọwọ́ sí méjì. Kí o sì wo ibi tí wọ́n ń ki káàdì gígé, èyí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n máa tún káàdì pò, sí nínú àpótí. Nínú páàkì mẹ́fà, ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n pín márùn-ún kó tó tún un pò, ó fún ọ láyè. Ẹni tó bá gé e sí mẹ́rin ti bò ó mọ́ ọ lójú, torí apá ìparí àpótí ni iye tó ga ti ń so èso. Bí o bá sì rí ẹ̀rọ tó ń gba káàdì padà lẹ́yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, tó ń pò ó láìdúró, dìde. Kò sí ohun tí wàá kà níbẹ̀.

Àdéhùn náà wà nínú èyí. Don Johnson, ará Amẹ́ríkà kan, gba bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là lọ́wọ́ kasínò mẹ́ta ní Atlantic City láàárín oṣù mélòó kan títí wọ ọdún 2011, kò sì ka káàdì. Ohun tó ṣe ni pé ó bá wọn dúnàádúrà kí ó tó jókòó. Ó gba òfin tó dára, ó sì ní kí wọ́n máa dá 20 nínú 100 padà fún òun bí òun bá pàdánù kọjá iye kan. Wò ó ní kékeré. Ká ní o jókòó ní ìgbà 10, tí o máa ń dìde bí o bá jẹ ₦100,000 tàbí tí o bá pàdánù ₦100,000. Ká ní ó jẹ́ márùn-ún márùn-ún. O jẹ ₦500,000, o pàdánù ₦500,000, wọ́n dá ₦100,000 padà fún ọ. Èrè rẹ nìyẹn láìmọ iye kankan. Kò sí kasínò tó máa fún èmi tàbí ìwọ ní irú àdéhùn yẹn lórí ₦5,000, mo mọ̀. Àmọ́ ìṣirò kan náà ló wà nídìí bónọ́ọ̀sì orí fóònù, èyí sì kàn wá ní Òṣogbo gbọ̀ngbọ̀n, torí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń ta á.

Blackjack orí fóònù tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń pín in máa ń po káàdì tuntun fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Má ka nǹkan kan níbẹ̀. Bónọ́ọ̀sì nìkan ni kí o ṣírò. Ká ní wọ́n fún ọ ní ₦20,000, wọ́n ní kí o kọ́kọ́ ta ìlọ́po 30 rẹ̀ kí o tó lè gbà á jáde. ₦600,000 nìyẹn. Bí blackjack bá ń kà ní kíkún, 0.5 nínú 100 ti ₦600,000 jẹ́ ₦3,000, ó sì kù ₦17,000 fún ọ ní ìpíndọ́gba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí o bá fi ta blackjack nìkan ni àwọn máa kà, ₦6,000,000 lo máa ta. Ohun tí wàá fi sílẹ̀ jẹ́ ₦30,000, láti lè gba ₦20,000. Àbúrò mi ti gba irú bónọ́ọ̀sì yìí rí, kò sì mọ ibi tí owó rẹ̀ gbà lọ títí a fi jọ ṣe ìṣirò yìí.

Iye gidi, àti ìgbà tí ó yẹ kí ọwọ́ rẹ yí padà

Ẹni tó ń ka káàdì láti fi gbé owó sókè nìkan ń fi ìdajì ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Iye yẹn tún ń sọ fún ọ bí ó ṣe yẹ kí o ta ọwọ́ tó wà níwájú rẹ. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pín iye tó wà lọ́kàn rẹ sí iye páàkì tó kù nínú àpótí. Ìyẹn ni iye gidi.

Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kó páàkì mẹ́fà jáde, káàdì 312, mo sì ń pín in fún un lábẹ́ iná àtùpà alágbára oòrùn. Nígbà tó ku bíi páàkì mẹ́ta, èmi tí mo jẹ́ díílà ṣí éèsì. "Ṣé o fẹ́ ínṣọ́ránsì?" Ìyẹn ni owó ọ̀tọ̀ tí èèyàn fi ń ta pé káàdì kejì díílà jẹ́ 10. Ó mi orí pé rárá, torí ohun tí gbogbo èèyàn kọ́ ni pé èèyàn kì í gba ínṣọ́ránsì. "Mélòó ló wà lọ́kàn rẹ?" Ó ní 9. "Pín in sí mẹ́ta." Ó dákẹ́. 3 ni. Ínṣọ́ránsì ń san méjì fún ọ̀kan, nítorí náà ó ń mú èrè wá nígbàkigbà tí káàdì 10 bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kù. Bí wọ́n ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ páàkì mẹ́fà, tí éèsì díílà nìkan ti jáde, 96 nínú 311 ni 10, kò tó. Tí iye gidi bá ti dé 3, ó ti kọjá rẹ̀. 9 kan náà, bó bá jẹ́ páàkì márùn-ún ló kù, kò tó 2, kí o má sì gbà á.

Ọwọ́ tó tún ṣe pàtàkì ni 16 sí 10 díílà, ìyẹn ìgbà tí ìwọ ní 16 tí díílà sì ṣí 10. Ìwé ní kí o fà. Bí iye gidi bá ti ju òdo lọ, dúró. 15 sí 10, dúró bó bá dé 4. 12 sí 3, dúró bó bá dé 2. 12 sí 2, bó bá dé 3. Don Schlesinger, tó ti kọ nípa ọ̀ràn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣa irú ìpinnu báyìí 18 jáde, ó sì fi hàn pé àwọn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú èrè tó wà níbẹ̀, ínṣọ́ránsì ló sì ṣíwájú gbogbo wọn. Ẹ má ṣe da ara yín láàmú pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ìpinnu. Mẹ́fà tàbí méje tí kò ní ṣì ọ́ lọ́wọ́ sàn ju 18 tí o ń rántí ní ìdajì.

Ọ̀nà yìí kò gbé owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé lo ti ń kọ́ ọ, kò ná ọ ní kọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá ọ wí pé o ń ronú.

Ẹgbẹ́ tó da owó pọ̀

Níbi tí mo ti rò pé ọ̀nà ti là fún ẹni tó ń gbé jìnnà nìyí. Al Francesco ló gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Àwọn kan á jókòó sí tábìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á máa ta owó kékeré, wọ́n á máa kà. Tí iye bá ti ga, ẹni tó ń kà á á ṣe àmì, ẹnì kejì tó ń rìn kiri bí olówó á wá jókòó, á ta owó ńlá, á sì dìde nígbà tí iye bá wálẹ̀. Lójú àwọn tó ń ṣọ́ tábìlì, kò sí ẹni tó yí owó rẹ̀ padà. Ken Uston wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, òun náà ló sì pe kasínò kan lẹ́jọ́ ní New Jersey, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà fi dájọ́ ní 1982 pé kasínò ibẹ̀ ò lè dédé lé èèyàn jáde nítorí pé ó ń ka káàdì. Ní Nevada, ní tiwọn, wọ́n lè ní kí o máa lọ. Ibi yòówù kí o lọ, fi sọ́kàn pé wọ́n lè ní kí o dìde, kí o sì dìde pẹ̀lẹ́.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni owó tí ẹ dà pọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦500,000, tí kálukú ń ta tirẹ̀, ₦500,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi máa díwọ̀n iye tó lè ta láìkówó tán. Bí ẹ bá dà á pọ̀, ₦2,000,000 ni gbogbo yín máa fi díwọ̀n, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè ta ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ nínú ewu kan náà. Wákàtí mẹ́rin náà ni ẹ ń jókòó ní wákàtí kan, nítorí náà ọwọ́ 13,000 yẹn á tètè pé. Mọ́tò kan ló gbé yín lọ, yàrá méjì ni ẹ sùn. Ọ̀nà yìí lè gbé owó ọkọ̀.

Àjọ ni, kò sì sí ọmọ Òṣogbo tí kò mọ bí àjọ ṣe ń dàrú. Ẹnì kan á sọ pé òun pàdánù ₦200,000 lórí tábìlì, kò sì sí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìjì yẹn tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: wákàtí tó jókòó, iye tó mú wọlé, iye tó mú jáde, kí ẹlòmíì sì kà á níwájú rẹ̀. Kí ẹ tún dán ara yín wò lóṣooṣù, páàkì mẹ́fà lórí ẹní. Ẹni tó bá ṣì í ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kó jókòó sílé. Owó tí ẹnikẹ́ni bá sì fi sí i, kó má jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó ọjà tí ó gbọ́dọ̀ dá padà. Mo ti rí ẹni tó fi owó ọjà ìyàwó rẹ̀ sí i, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè wo ojú ìyàwó náà nígbà tí mo pàdé rẹ̀ ní Ọjà Ọba.

Àwọn mẹ́ta tí ó kù

Títọpa káàdì nínú èyí tí wọ́n pò jẹ́ iṣẹ́ ojú àti ìrántí. O máa wo káàdì méjì mẹ́ta tó wà lórí éèsì nígbà tí wọ́n ń kó wọn jọ, wàá tọpa ibi tí wọ́n bọ́ sí nígbà tí díílà ń pò wọ́n, tí àwọn káàdì yẹn bá sì ti tún jáde, o mọ̀ pé éèsì ti sún mọ́lé. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ bíi káàdì àkọ́kọ́, àǹfààní rẹ tó bíi 50 nínú 100 lórí ọwọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ díílà ló bọ́ sí lọ́wọ́, o ti fi owó ńlá ta fún ìparun ara rẹ. Ẹ̀rọ tó ń po káàdì ti pa ọ̀nà yìí ní ibi púpọ̀. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tó ń wo díílà kan náà lójoojúmọ́, ló lè kọ́ ọ. Ìwọ tó ń ti Òṣogbo lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò ní mọ ọwọ́ díílà náà rárá.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òun náà sì ni ẹni tó ń wá káàdì tó dojú dé fi ń ṣiṣẹ́. Díílà kan lè máa gbé e sókè jù bó ti ń ki í sábẹ́ èkejì, ẹni tó jókòó níbi tó yẹ á sì rí i. Èrè rẹ̀ ga gan-an bó bá wà. Àmọ́ lọ́pọ̀ tábìlì tó ń tẹ̀lé ìlànà Yúróòpù, díílà kì í mú káàdì rẹ̀ kejì títí gbogbo èèyàn yóò fi ta tán, nítorí náà kò sí káàdì kankan tó dojú dé tí wàá rí. Wo èyí ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí o bá wọlé. Má sì mú kámẹ́rà, dígí tàbí ẹ̀rọ kankan dání. Nevada ti sọ ọ́ di ọ̀ràn láti 1985 pé kí èèyàn máa lo ẹ̀rọ nídìí tábìlì.

Ti ẹ̀yìn káàdì, mi ò ní fi bò. Àwọn káàdì kan wà tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ wọn láìdọ́gba, tó jẹ́ pé bí o bá yí ọ̀kan padà, ẹ̀yìn rẹ̀ á yàtọ̀ sí ti èkejì. Phil Ivey, ará Amẹ́ríkà tó ń fi pókà jẹun, àti Cheung Yin Sun, ẹnì kejì rẹ̀, lo ọgbọ́n yìí ní kasínò Crockfords ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, nídìí punto banco, ayò káàdì míì tó yàtọ̀ sí blackjack. Wọ́n ní kí díílà máa yí àwọn káàdì kan sí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́, wọ́n sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn nípa oríire ni. Wọ́n jẹ mílíọ̀nù 7.7 pọ́n-ùn. Ilé náà kọ̀ láti san án, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó dájọ́ ní 2017 pé ìyànjẹ ni. Ivey gbà lóòótọ́ pé òun ò yan ẹnikẹ́ni jẹ, adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà sì gbà pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, síbẹ̀ wọ́n ní nípa ìwọ̀n tí gbogbo èèyàn fi ń mọ òótọ́, kò ṣe òótọ́. Kíka ohun tí ilé fi hàn gbogbo èèyàn yàtọ̀ sí mímú kí díílà ṣe iṣẹ́ rẹ fún ọ láìmọ̀. Èmi ò ní kọ́ àbúrò mi ní èyí kejì.

"Tábìlì, ìpinnu, ẹgbẹ́," ni ó sọ nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ó ra ìwé ńlá kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi rúlà fa ìlà sí i: wákàtí, owó tó wọlé, owó tó jáde, ẹni tó jẹ́rìí. Ó ti rí méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pín èrè kankan títí wákàtí 200 yóò fi pé. Ẹni kẹrin ní bí òun bá jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun máa mú tòun lọ́jọ́ yẹn. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ṣì jẹ́ báyìí, alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ń wá jókòó sórí ẹní mi.